Láti Orí Pátákó Dé Iwájú Kọ̀ǹpútà

Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 wà lára ohun tí wọ́n máa ń fi han àlejò lórí Òkè Ìdànrè, nínú ìlú àtijọ́ tí àwọn èèyàn ti sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 1923. Lónìí, ní ìsàlẹ̀ òkè, ọmọ girama tó bá yan Computer Studies yóò kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń fi 0 àti 1 nìkan ka gbogbo nǹkan.

Ìkànìyàn ló mú kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà. Wọ́n lò ó fún èsì ìkànìyàn 1962 sí 1963, ní 1963 yìí kan náà sì ni IBM dá ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà: ẹ̀rọ Herman Hollerith tó ń ka káàdì oníhò ni wọ́n fi to ìkànìyàn 1890. Àwọn ọmọ JSS ń kọ́ nípa Hollerith, àti àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ìṣirò ṣáájú rẹ̀, Pascal àti Babbage. Olùkọ́ tó bá dé ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fo Ìbàdàn.

Ó tó ọdún 25 kí kọ̀ǹpútà tó kan ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà jáde, wọ́n sì fi àwọn Unity School bẹ̀rẹ̀. Ìlànà dé, ẹ̀rọ àti olùkọ́ kò tètè dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ya keyboard àti mouse sínú ìwé wọn láti ojú pátákó kí ọwọ́ wọn tó kan ọ̀kan rí.

Ní September 2011 ni ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun ti àjọ NERDC bẹ̀rẹ̀ ní SS1. Data Processing wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ 34, ó jókòó ti títún fóònù ṣe, àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọ sì ṣe ìdánwò àṣejáde ní 2014.

Nínú Computer Studies, ọmọ yóò bá flowchart pàdé, yóò kọ́ logic gate AND, OR àti NOT, spreadsheet, database, kòkòrò kọ̀ǹpútà, àti BASIC, èdè tí John Kemeny àti Thomas Kurtz ṣe ní Dartmouth ní 1964. Àwọn kan ń fi BASIC ṣẹ̀sín pé ó ti gbó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò gbó. Ẹni tó ń ka àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, ń ṣe loop: gbé ẹsẹ̀, fi 1 kún iye, wò ó bóyá o ti dókè; bí o kò bá tíì dé, tún un ṣe. Èyí kò bèèrè iná mọ̀nàmọ́ná. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni kíkọ́ orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sórí lásán. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà rí irú àṣìṣe yìí: wọ́n ní ICT ti di ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ nìkan, ni wọ́n bá fi Computing rọ́pò rẹ̀ ní 2014.

Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìdánwò UTME ti JAMB wà, Computer Studies fúnra rẹ̀ sì di ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ìdánwò lé lórí ní 2023. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wá olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì wá owó sólà mọ́ ọn.