LÁTI ÌBÀDÀN DÉ ÒKÈ ÌDÀNRÈ

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé ọdọọdún yìí, èrò mi ni láti kọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò kan tí mo rìn ní oṣù kẹjọ ọdún tí ó kọjá yí ọkàn mi padà. Ìtàn ìrìn àjò náà ni mo fẹ́ sọ, kí n sì fi í ṣe àlàyé bí a ti ṣe gun òkè, bí a ti ṣe sọ̀kalẹ̀, àti ohun tí a fẹ́ gbàgbé síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi gígùn, mo gbé baba mi, ẹni ọdún 86, àti àwọn ọmọ mi méjì sínú ọkọ̀ mi, a sì fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Àlòkù ni, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ ni mo fi rà á, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè rẹ̀ tán ni. Nítorí náà mo bu omi sí i, mo wo epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mo sì yẹ àwọn táyà wò lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gbéra. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni àwọn baba wa sọ irú rẹ̀, nítorí pé ó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá rí àwọn kòtò tí ó wà lójú ọ̀nà lónìí, bóyá wọn ì bá fún un ní orúkọ mìíràn.

Awakọ̀ ni baba mi nígbà ayé iṣẹ́ wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi ń kó kòkó láti ẹsẹ̀ òkè wa lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Wọ́n jókòó ní iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú wọn kò sì kúrò lára ọwọ́ mi. Nígbà tí a dé Aṣéjirẹ́, níbi tí a ti sé odò Ọ̀ṣun láti fi pèsè omi fún àwọn ará Ìbàdàn, wọ́n ní, "Ìwọ, o ń sáré jù." Mo dẹ ìrìn. Wọ́n tún sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ má wò ó bí nǹkan ti rí lónìí. Ọwọ́ òsì ni a ń gbà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ni ìjọba ní kí gbogbo wa bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ náà, bí ìgbín ni mo ṣe wakọ̀!" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ìkirè, níbi tí a ti ra dòdò.

Ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Nígbà tí ó di ọdún 1907, ìjọba òyìnbó ti ń fi mọ́tò kó ẹrù àti èrò láàrin Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀ka, tí ó sì ń lọ láti ìlú dé ìlú, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwa tí a wà láàrin àpáta. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ni ọkọ̀, orí ni a sì fi ń ru ẹrù. Baba baba mi a máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè nígbà tí àkùkọ bá kọ́kọ́ kọ, wọn a sì rìn dé ọjà Àkúrẹ́. Ibi tí mo fi ọkọ̀ rìn ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀.

Nígbà tí a dé Ilé-Ifẹ̀, baba mi ṣí fìlà. Wọn kò sọ ohun kan, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí rẹ̀. Bí àwọn àgbà wa ti ń sọ ọ́, láti Ifẹ̀ ni Ọlọ́fin ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, tí wọ́n rìn títí wọ́n fi rí òkè tí ó tó òkè. Láti Ifẹ̀ a kọjá sí Iléṣà. Níbẹ̀ ni mo ti rán àwọn ọmọ létí ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí a sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ ogun kò tú àgọ́ ká títí di ọdún 1893. Ọmọ mi obìnrin béèrè pé, "Bàbá, ṣé ogun ni ó lé àwọn baba wa gun òkè?" Ìbéèrè rere ni. Mo dá a lóhùn bí a ti ń kọjá Òwẹnà àti Ìgbàrà-Òkè lọ sí Àkúrẹ́. Ìdáhùn náà nìyí.

Àwọn baba wa ti wà lórí òkè pẹ́ ṣáájú ogun Kírìjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààbò ni ọ̀rọ̀ òkè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ayé tí ẹni tí ó sùn sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lè jí ní oko ẹrú, ìlú tí àpáta ṣe odi rẹ̀ ni ìlú. Ọ̀tá tí yóò bá gun òkè Ìdànrè ní láti gba ojú ọ̀nà tóóró kọjá, kò sì sí ibi tí yóò gbà tí àwọn ará òkè kò ní rí i. Omi wà lókè, ilẹ̀ wà láàrin àwọn àpáta. Ìlú tí ó pé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, kì í ṣe àgọ́ àwọn ìsáǹsá. Ọwá ní ààfin pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ àti àwọn òpó tí a gbẹ́ ère sí. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi dé, orí òkè náà ni ó bá wa. Ibẹ̀ ni a kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí ní ọdún 1896. Ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, agogo sì wà tí a ń lù kí ará ìlú lè gbọ́.

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀?" Ọmọ mi ọkùnrin ni ó béèrè èyí.

Baba mi ni ó dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Kòkó ni." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà tó. Ilẹ̀ kòkó wà nísàlẹ̀, nínú igbó ọlọ́ràá tí ó yí òkè ká. Nígbà tí àlàáfíà dé, tí kò sí ẹni tí ń kó ni lẹ́rú mọ́, àǹfààní odi àpáta dínkù, ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ kò dínkù. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ lóko láti àárọ̀ ni yóò tún gun òkè ní alẹ́. Nígbà náà kò sí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ òfìfo lórí àpáta ni, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ọ̀nà mọ́tò ti dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, nítorí mọ́tò kò lè gun àpáta wá bá kòkó. Díẹ̀díẹ̀, láti àwọn ọdún 1920 dé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, agboolé kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odòde ní ẹsẹ̀ òkè. Kò sí ogun tí ó lé wọn. Owó àti ìrọ̀rùn ni ó pè wọ́n, wọ́n sì jẹ́ ìpè náà. N kò dá wọn lẹ́bi. Owó kòkó náà ni ó rán baba mi ní ilé ẹ̀kọ́, òun ni ó sì sọ mí di olùkọ́.

A kúrò ní Àkúrẹ́, a kọjá Aládé, àwọn òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí ní ọ̀tún àti ní òsì, dúdú, wọ́n ń dán bí ìdí ìkòkò. Ẹni tí ó bá ti rí wọn rí mọ̀ pé ẹnu kò lè ròyìn wọn tán. Wọlé Ṣóyínká fi orúkọ ìlú wa pe ìwé ewì tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1967. Lórí òkè yìí ni àwọn onímọ̀ ti rí irú ọ̀pọ̀lọ́ kan tí a kò rí ní ibòmíràn ní gbogbo ayé, tí wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1963. Ní ọdún 2007 orílẹ̀-èdè wa fi orúkọ òkè náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ UNESCO, pé ó yẹ ní ohun tí gbogbo aráyé ń tọ́jú. Àlejò mọ iyì wa. Ó ku kí àwa náà mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí ìdí àtẹ̀gùn. Ó lé ní 600 ìgbésẹ̀, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Baba mi kò lè gùn ún mọ́. Wọ́n jókòó sórí àga lábẹ́ igi, wọ́n sì pe àwọn ọmọ sọ́dọ̀. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo wà ní kékeré, lọ́dọọdún ni baba mi ń mú mi lọ sí ilé wa lókè. Ìyá wọn sùn síbẹ̀, nínú yàrá. Ẹ gba ẹ̀yìn ààfin. Ẹ ó rí àpáta kan tí ó dà bí màlúù tí ó dùbúlẹ̀. Ilé kẹta sí i ni ilé wa. Ojú ọlọ kan wà lára àpáta lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bá mi wò ó."

A gùn ún. A sinmi ní ibi ìsinmi márààrún. Èmi ni mo pẹ́ jù níbẹ̀. A rí ààfin, a rí ilé ẹ̀kọ́, a rí ilé ẹjọ́. A rí ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn lára àpáta, èyí tí a ń sọ pé ó máa ń gba ẹsẹ̀ ọmọdé àti àgbà. Àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ wọn wọ̀n ọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú wa kiri mọ gbogbo ibi wọ̀nyí dáradára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ibi tí agboolé wa wà, ó mi orí. Kò jẹ̀bi. Ta ni ó kọ́ ọ?

A gba ẹ̀yìn ààfin. Koríko ti bo ilẹ̀ dé àyà. Àpáta tí ó dà bí màlúù tí ó dùbúlẹ̀ kò jẹ́ ẹyọ kan. Mẹ́ta ni a kà. Ògiri amọ̀ tí ó ti wó wà káàkiri, kò sì sí èyí tí ó sọ pé ti ẹnì kan ni òun. A rí ojú ọlọ ní ibi méjì. Ọmọ mi obìnrin fi fóònù ya àwòrán méjèèjì, a sì sọ̀ kalẹ̀.

Baba mi gba fóònù náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n wo àwòrán kìíní pẹ́. Wọ́n ní, "Èyí ni." Wọ́n wo èkejì. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún padà sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dá fóònù padà fún ọmọ náà, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí a máa lọ sílé." Láti ibẹ̀ dé ilé, wọn kò bá mi wí lórí bí mo ṣe ń wakọ̀.

Ẹ̀yin ará, ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí. Ilé kan ni a kò dá mọ̀ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mélòó ni a lè dá mọ̀? Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé orí òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàyè. Àwọn tí a mú gùn ún ní kékeré ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí àwọn wọ̀nyí bá lọ, àpáta yóò kù, ṣùgbọ́n ìlú yóò parẹ́. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ń fi ọkọ̀ wálé ní ìparí ọdún. A ó dé ní ọjọ́ Ẹtì, a ó ṣe ìnáwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ó padà ní ọjọ́ Àìkú, òkè yóò sì máa wò wá láti òkè.

Nítorí náà mo mú àbá mẹ́ta wá síwájú ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan àwọn ọ̀dọ́ méjì tí yóò lọ bá àwọn àgbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kí wọ́n fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀: orúkọ agboolé, ibi tí ó wà, àti àwọn tí ó sùn síbẹ̀. Kí èyí parí kí ìpàdé ọdún tí ń bọ̀ tó pé. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa tọ Ọwá àti ìjọba lọ láti gba àṣẹ, kí a lè ri òkúta kékeré mọ́ ojú agboolé kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ẹ̀kẹta kò gba owó ẹgbẹ́ rárá: kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọkọ̀ fi àyè méjì sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní ọdún yìí, ọ̀kan fún àgbà, ọ̀kan fún ọmọdé. Kí àgbà máa sọ̀rọ̀, kí ọmọdé máa gbọ́, láti ẹnu odi ìlú tí ẹ bá ti gbéra títí ẹ ó fi dé ìdí àtẹ̀gùn.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Mọ́tò ni ó pè wá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Mọ́tò náà lè gbé wa padà dé ẹsẹ̀ òkè. Èyí tí ó kù, ẹsẹ̀ ara wa ni yóò rìn ín. Èmi àti àwọn ọmọ mi yóò tún lọ ní ìsinmi tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó sì mú àdá lọ́wọ́ láti ro koríko náà. Baba mi ti ní àwọn yóò bá wa jókòó ní ìdí àtẹ̀gùn.

Kí ìlú wa máa gòkè síwájú o. Àṣẹ.