Amúkọ̀tura: Orúkọ fún Éésì Tó Ń Dá Ara Rẹ̀ Darí

Ní Bẹẹrẹ, n'Íbàdàn, níbi tí àwọn Micra tó ń ná Mọlété, Géètì àti Ọjà'ba ti ń já èrò sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè Màpó, éésì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ mọ̀ ọ́n. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ní Corolla àtijọ́, tí éésì rẹ̀ jẹ́ èyí tí à ń fọwọ́ yí, tó wá fẹ́ kí wọ́n gbé irú tòde òní sí i: kí òun kàn tẹ ìwọ̀n ooru tí òun fẹ́, bíi 23, sójú gílàsì, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wá bí yóò ṣe dé ibẹ̀. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ṣíṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá ló ń lé mẹkáníìkì àti oníbàárà sínú Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó sọ éésì ní ẹ̀rọ amúlétutù ṣe iṣẹ́ gidi. Orúkọ náà sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, ó sì dùn ún pè. Àmọ́ ilé ló wà nínú rẹ̀. Tó bá di ti ọkọ̀, amúkọ̀tutù ló yẹ, ìlànà kan náà ni. Orúkọ yìí ì bá bá ọkọ̀ Packard mu dáadáa, èyí tó gbé éésì jáde láti iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1939. Kò sí ohun tó ń dá ti Packard dúró bí inú ọkọ̀ bá ti tutù tó. Awakọ̀ ní láti páàkì, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó yọ bẹ́líìtì. Cadillac ló yí ọ̀rọ̀ náà padà ní 1964: awakọ̀ á sọ ìwọ̀n tó fẹ́, ẹ̀rọ á sì máa da afẹ́fẹ́ gbígbóná mọ́ tútù títí yóò fi bá a mu. Ẹ̀rọ tó lè múni móoru kò ṣeé pè ní amúkọ̀tutù mọ́. Ìtura ni àwọn Cadillac fi sọ tiwọn lórúkọ. Amúkọ̀tura ni kí tiwa jẹ́.

Ẹni tó bá tẹ̀lé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbajúmọ̀ lónìí, climate control, ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ á bọ́ sórí “ẹ̀rọ aṣàkóso ojú-ọjọ́”. Ẹ sọ ìyẹn fún ìyá kan ní Ọjà'ba, òjò ni yóò rò pé ẹ fẹ́ dá dúró. Ìta ni ojú-ọjọ́ wà.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣọ́ nǹkan. Amúkọ̀tura gbọ́dọ̀ mọ bí inú ọkọ̀ ṣe gbóná tó, bí ìta ṣe gbóná tó, àti bí oòrùn ṣe ń ta wọlé láti ojú gílàsì iwájú. Sẹ́ńsọ̀ ni àwọn rẹ́wáyà ń pe gbogbo wọn, kò sì burú, àmọ́ èwo ni èwo? Ooru yàtọ̀ sí oòrùn, oòrùn yàtọ̀ sí òórùn. Àmì ohùn á fi èyí han ẹni tó ń kàwé. Láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fèrè ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ, amooru àti amoòrùn yóò jọra jù, àwọn rẹ́wáyà á sì tú ohun tí kò bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká ní amooru inú àti amooru ìta. Èyí tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tó kọjú sókè, aṣọ́ oòrùn ni. Amooru kì í ṣe nǹkan ńlá: bíńtín ni, wáyà méjì ló ní, bó sì ṣe ń gbóná sí i ni iná ń rọrùn láti gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyẹn ni ọpọlọ éésì ń kà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti ń pe irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ní bíréènì bọ́kìsì. Ọpọlọ ẹ́ńjìnnì àti ọpọlọ éésì kàn jẹ́ kó yéni pé méjì ni wọ́n.

Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, àpótí kan wà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Kọ́ìlì tútù wà lápá kan, rediétọ̀ kékeré tí omi gbígbóná ń ti ẹ́ńjìnnì wọ̀ wà lápá kejì, ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan sì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn. Òun ló ń pinnu bí gbígbóná yóò ṣe dà mọ́ tútù tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, wáyà irin ló so ó mọ́ ohun tí awakọ̀ ń fọwọ́ yí. Ẹni tó fẹ́ amúkọ̀tura gbọ́dọ̀ yọ wáyà yìí, kó fi mọ́tò kékeré oníná rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa: mọ́tò tí Yorùbá mọ̀, taya mẹ́rin ló ní! Ayílẹ̀kùn ló yẹ kí nǹkan náà máa jẹ́, torí ilẹ̀kùn ló ń yí. Ilẹ̀kùn ọ̀hún ńkọ́? Ilẹ̀kùn àdàlù. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àgbàdo rí, a kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé àdàlù fún un.

Gbígbé ohun tuntun sínú ohun àtijọ́ náà fẹ́ orúkọ. Àwọn onígírámà wa mú àfòmọ́, ewéko tó ń lẹ̀ mọ́ igi kòkó àti obì, wọ́n fi pe ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Àmúlò tó dára ni. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ a máa fa oje igi mu, ta ló fẹ́ kí éésì tuntun ṣe ọkọ̀ òun bẹ́ẹ̀? Ìgbéwọ̀ dára jù. “A ti gbé amúkọ̀tura wọ̀ ọ́,” ọ̀gá mẹkáníìkì lè sọ ọ́ láìrònú.

Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kò nílò orúkọ mìíràn. Gbogbo ẹnu ló ti gbà á. Gáàsì náà ti dúró, àmọ́ ẹ má pè é láìsọ nọ́mbà. R-12 ni ọkọ̀ àtijọ́ ń lò kí ìlú púpọ̀ tó pa á tì nítorí àdéhùn Montreal ti 1987. R-134a ló rọ́pò rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. Ọ́ìlì wọn kò bára mu, a kì í sì í pò wọ́n pọ̀.

Tẹ́mósítáàtì ẹ́ńjìnnì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dunni jù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n ní ilẹ̀ wa ti gbóná tó. Bí kò bá sí i, omi ẹ́ńjìnnì kò ní dúró sí ìwọ̀n ooru kan, ilẹ̀kùn àdàlù á sì máa ṣe ségesège. Bó bá ń jẹ́ adíwọ̀n ooru ẹ́ńjìnnì ni, bóyá ọwọ́ wọn ì bá rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́.

Kíkó irú orúkọ báyìí jọ sínú ìwé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Apá kìíní ìwé Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Apá kejì, ti Ọládélé Awóbùlúyì, jáde ní 1990. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ, kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, Bẹẹrẹ kò jìnnà sí yín. Ẹ kó ìwé yín wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ bá àwọn rẹ́wáyà jókòó, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó bá wọn lẹ́nu mu kí ẹ tó tẹ apá ti ọkọ̀ jáde.