Kókó Inú Ọpọlọ àti Ebi Afẹ́fẹ́

Ní 1890, dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ François Viault gun òkè lọ ní orílẹ̀-èdè Peru, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ wò, ó sì rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀ ti pọ̀ sí i gan-an. Ara ti mọ̀ pé ọ́síjìn ò tó, ó sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Ta ló wá sọ fún ara? Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìdáhùn tó dé. Nígbà tó sì dé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gun òkè nìkan ló tú. Ó kan glioblastoma, ọ̀kan lára àwọn kókó ọpọlọ tó burú jù lọ.

Bí ẹ bá fi maikirosíkóòpù wo kókó yìí, ẹ máa rí i pé àwọn ibì kan nínú ẹ̀ ti kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà láàyè sì tò yí òkú náà ká bí ọgbà. Kí ló pa á? Ní Ìlú Ọba, Thomlinson àti Gray rí ìdí ẹ̀ ní 1955, wọn ò tiẹ̀ wo ọpọlọ. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n gé wẹ́wẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó bá jìnnà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà ń kú, torí ọ́síjìn ti tán lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Gray sì ti fi hàn ní 1953 pé sẹ́ẹ̀lì tí ọ́síjìn ò tó kì í tètè kú lábẹ́ ìtànṣán. Ẹ ò rí wàhálà? Ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé gan-an ló ṣòro pa.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè Viault. Ní Baltimore, Gregg Semenza ń wá ohun tó ń tan jíìnì EPO. EPO ni kíndìnrín fi ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn eegun pé kó ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa sí i (òun náà ni àwọn eléré kẹ̀kẹ́ kan ń gún sára láti fi ṣe màgòmágó). Ó rí purotéènì kan, ó sọ ọ́ ní HIF-1. Peter Ratcliffe ní Oxford àti William Kaelin ní Boston bá a tú ìyókù. Nígbà tó di 2001, gbogbo ẹ̀ ti ń yé wọn: ara ń ṣe HIF nígbà gbogbo, ó sì ń bà á jẹ́ nígbà gbogbo. Bí ọ́síjìn bá wà, àmì kan á wà lára HIF. Purotéènì míì tó ń jẹ́ VHL á rí àmì náà, á sì jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ túútúú. Bí ọ́síjìn bá wọ́n, kò sí àmì, HIF á yè, á sì lọ tan àwọn jíìnì. Ó dà bíi jẹnẹrétọ̀ tó ń dá tan gbàrà tí iná bá lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín ẹ̀bùn Nobel ní 2019.

Ọ̀kan lára àwọn jíìnì tí HIF ń tàn ni VEGF, tó ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun wá. Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ ní Ísírẹ́lì àti Jámánì ti rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tò yí òkú ká nínú glioblastoma ló ń tú VEGF jáde jù. Ohun tó máa ń dùn mí níbẹ̀ ni pé kókó ò dá ọgbọ́n kankan. Ọgbọ́n ara ló jí lò.

Judah Folkman ti sọ ní 1971 pé bí a bá dí iṣan wọ̀nyí, kókó ò ní lè dàgbà. Ọ̀pọ̀ ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Èrò yẹn ló bí bevacizumab, oògùn tó ń dí VEGF. Ní 2009, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún glioblastoma tó padà wá. Ọpọlọ tó wú ń fà, àwòrán ń dára, inú àwọn ẹbí ń dùn. Àmọ́ ní 2014, èsì ìdánwò ńlá méjì jáde lórí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kókó náà lọ́pọlọ wọn: ẹ̀mí àwọn tó gba oògùn náà ò gùn ju ti àwọn tí ò gbà á lọ. Nínú eku, wọ́n ti rí i pé bí iṣan bá dí, kókó lè fi ibẹ̀ sílẹ̀, kó máa rá wọ inú ọpọlọ tó ṣì yè.

Títí di òní, iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán àti oògùn temozolomide la ṣì dì mú. Ìdánwò tó mú temozolomide wọlé ní 2005 fi hàn pé ìdajì àwọn tó gbà á pẹ̀lú ìtànṣán lo ju oṣù 14.6 láyé, ti àwọn tó gba ìtànṣán nìkan jẹ́ oṣù 12.1. Oṣù méjì ààbọ̀ ni ìyàtọ̀ náà. Ní 2021, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí belzutifan, oògùn tó ń dí HIF-2, ìbátan HIF-1, fún àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú VHL tó bàjẹ́, tí kókó ọpọlọ irú míì wà lára àìsàn wọn. Wọn ò fọwọ́ sí i fún glioblastoma.