Ewé Akíntọ́lá ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: Ìtàn Ewéko Àjèjì Kan àti Ìgbìyànjú láti Kápá Rẹ̀

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ohun àjèjì tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá ní sáà ìjọba àmúnisìn, ẹ̀sìn, owó, ilé-ẹ̀kọ́ àti òfin ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Wọn kì í ka koríko mọ́ wọn. Síbẹ̀, ó ṣòro kí àgbẹ̀ kan wà ní Ìpelè, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, tàbí ní agbègbè Ọ̀sẹ́ tí ó múlé tì í, tí kò mọ ewé Akíntọ́lá. Chromolaena odorata ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é láti ọdún 1970. Eupatorium odoratum ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn ewé yìí kì í ṣe ìtàn koríko lásán. Iṣẹ́ ìjọba ni ó bá wọlé, orúkọ olóṣèlú ni ó ń jẹ́, àgbẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ó sì ń fi ọkọ́ àti àdá san gbèsè rẹ̀.

Bí ewé náà ṣe dé

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti Florida títí dé apá àríwá Ajẹntínà, ni orírun ewé yìí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e dé Éṣíà, tí ó sì tàn ká oko níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé àárín irúgbìn igi mèlínà, tí a kó wá láti Ceylon (Sri Lanka òde òní) ní ọdún 1937, ni èso rẹ̀ gbà wọ Nàìjíríà. Igi tí ó tètè ń dàgbà ni mèlínà, ìyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 1942, a ti rí ewé náà ní agbègbè Enúgù. Láti apá ibẹ̀ ni ó ti tàn wá sí ìwọ̀-oòrùn.

Ìtànkálẹ̀ rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Èso rẹ̀ fúyẹ́, ó sì ní irun tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ara ẹranko àti ọkọ̀. Kò fẹ́ràn òjìji. Abẹ́ igbó dúdú kì í gbà á, ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti la títì, gé gẹdú tàbí ro oko ni ó ti ń jọba.

Orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn

Olóyè S. L. Akíntọ́lá ni olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn láti oṣù Kejìlá ọdún 1959 títí wọ́n fi pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ ọ́ nípò, ó takú. Akíntọ́lá-takú ni orúkọ mìíràn tí ewé náà ń jẹ́, ó sì bá ìwà rẹ̀ mu: bí a bá gé e, ó tún rú, bí a bá sun ún, kùkùté rẹ̀ tún hù. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Ní Gánà, Acheampong ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣèjọba láti 1972 sí 1978.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò sọ ọdún tí ewé náà dé. Ìgbà tí ojú àwọn ènìyàn là sí i ni wọ́n ń sọ. Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí ìjà òṣèlú àkókò náà ti dé ààfin, tí Ọlọ́wọ̀ Ọlátẹ́rù Ọlágbègí Kejì fi kúrò lórí oyè tí kò sì padà títí di 1993, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwàdà.

Ìgbìyànjú láti kápá rẹ̀

Iná àti àdá ni àgbẹ̀ kọ́kọ́ gbójú lé. Kò sí èyí tí ó dé gbòǹgbò nínú méjèèjì. Oko tí a sun tilẹ̀ tún ń ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ fún èso tuntun. Híhú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ ọwọ́. Yàtọ̀ sí èyí, tata tí ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ máa ń fi igbó rẹ̀ ṣe ibùgbé.

Ní àwọn ọdún 1970, a kó kòkòrò tí ń jẹ ewé náà wá sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọn kò fìdí múlẹ̀. Ní Gánà, Pareuchaetes pseudoinsulata, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, fìdí múlẹ̀. Ọ̀nà yìí kì í ṣe asán nílé náà: agbón kékeré tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn tú sílẹ̀ láti 1981 ni ó kápá kòkòrò funfun tí ń pa ẹ̀gẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ni ó fẹ́ kí ewé Akíntọ́lá parun. Omi ewé rẹ̀ ni wọ́n ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ó ń borí èékan, èyí tí ó tún burú jù ú lọ, ewé rẹ̀ tí ó ń rẹ̀ dànù sì ń sọ ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ di ọlọ́ràá. Ètò ìkápá tí kò bá ka àǹfààní wọ̀nyí sí kò lè rí àgbẹ̀ bá a ṣe.

Àgbálọgbábọ̀

Ọdún 1959 ni òfin tí ń ṣàkóso kíkó ohun ọ̀gbìn wọ Nàìjíríà jáde, ọdún méjìlélógún lẹ́yìn irúgbìn Ceylon. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ewé náà ti di onílé. Ẹ̀kọ́ náà kò sì tètè wọ etí: ní ọdún 1984, Eichhornia crassipes, ewéko orí omi, gba Àjàṣẹ́ wọ odò Bàdágìrì, ó sì dí ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ àwọn apẹja Ìlàjẹ ní etíkun ìpínlẹ̀ kan náà. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ibi tí irúgbìn ti ń wọlé, ní èbúté àti ní ọgbà ìwádìí, ni ìdènà ti ń gba owó díẹ̀. Bí ó bá ti dé oko Ìpelè, ẹ̀yìn àgbẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń bọ̀ sí, lọ́dọọdún, láìsí ẹni tí yóò san án padà fún un.