Ìmọ́lẹ̀ Kọjá, Iná Kò Kọjá: Ìtàn Kúkúrú Nípa Optocoupler Oní-tiransísítọ̀

Nínú èdè Yorùbá, «iná» ni à ń pe iná ìdáná, iná àtùpà àti èyí tó ń gba inú wáyà. Ṣùgbọ́n optocoupler kò ṣeé ṣàlàyé láìya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná mànàmáná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá níbi tí iná mànàmáná kò gbọdọ̀ gbà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé nǹkan méjì tí a kò ṣe nítorí ààbò ló para pọ̀ di ààbò yìí.

Ìṣòro náà ti pẹ́. Bí apá kan ẹ̀rọ bá wà lórí iná ńlá, tí ọwọ́ ènìyàn sì lè kan apá kejì, báwo ni ọ̀kan yóò ṣe ránṣẹ́ sí èkejì láìsí wáyà láàárín wọn? Tiransifọ́mà ń ṣe é, ṣùgbọ́n irú iná ti bátìrì kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Rílè náà ń ṣe é, àmọ́ irin inú rẹ̀ ń jẹ, ó sì ń lọ́ra.

Ní 1950, Bell Labs ní Amẹ́ríkà kéde tiransísítọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń darí, iṣẹ́ John Shive. Ẹ̀rọ tẹlifóònù ni wọ́n lò ó fún, láti ka ihò ara káàdì irin. Ní 1961, James Biard àti Gary Pittman ní Texas Instruments ṣàkíyèsí pé díódù gallium arsenide ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí; kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ní 1963, Akmenkalns àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí síso irú méjèèjì pọ̀ kí iná má bàa kọjá.

Nínú optocoupler, díódù kọjú sí tiransísítọ̀; ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá, tí iná kò lè là kọjá, wà láàárín wọn. Bí díódù bá tàn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sára base tiransísítọ̀, tiransísítọ̀ á sì ṣílẹ̀ fún iná apá tirẹ̀. PC817, tó wọ́pọ̀ gan-an, lè fara da 5,000 volt láàárín apá méjèèjì.

Ẹ wo ṣájà fóònù ní Àjàṣẹ́ tàbí Kétu. Iná ògiri jẹ́ 220 volt, ti fóònù jẹ́ 5. Nínú ọ̀pọ̀ ṣájà, ẹ̀yìn ni iṣẹ́ náà ń padà sí: bí 5 volt bá fẹ́ ga jù, díódù á tàn sí i, tiransísítọ̀ tó wà ní apá 220 á sì mú ẹ̀rọ dẹwọ́.

Ó ní ààlà tirẹ̀. Díódù ń ṣá bí ọdún ti ń lọ, tiransísítọ̀ náà kò sì yá tó díódù agbàmọ́lẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́, ẹ̀yà mìíràn ni kí a fi rọ́pò rẹ̀. Atúnṣe tó bá fi wáyà so apá méjèèjì pọ̀ kí ṣájà lè ṣiṣẹ́ ti gbé 220 volt fún ẹni tó di fóònù mú. Àlàfo yẹn gan-an ni ààbò.