Ère Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Nínú Ìtàn Ìsìnkú Àwọn Ga Ìlú Accra

Ní 1957, ọdún tí Ghana gba òmìnira, ni ilé-iṣẹ́ Minimodels ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Scalextric jáde, èyí tí í ṣe ère ọkọ̀ ìdíje kékeré tí iná mànàmáná ń mú sáré, tí ṣóńṣó abẹ́ rẹ̀ sì ń tọ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n là sójú ọ̀nà. Maserati àti Ferrari wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn kan náà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ga ní Accra ti ń fi igi gbẹ́ ère tiwọn, èyí tó tóbi tó kí ènìyàn dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí pé pósí ni.

Teshie, ìlú àwọn Ga ní etíkun Accra, ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù. Abebuu adekai ni orúkọ tí wọ́n ń pe pósí náà, ìyẹn àpótí òwe.

Àga tí wọ́n gbẹ́ ní ìrísí nǹkan, tí wọ́n fi ń gbé àwọn olóyè Ga lé èjìká ni àṣà náà ti sú yọ. Kane Kwei ará Teshie, tó kú ní 1992, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù, wọ́n sì máa ń sọ pé ó gbẹ́ pósí onírìísí bàálù fún ìyá àgbà rẹ̀ ní 1951, nítorí pé ìyá náà fẹ́ràn láti máa wo bàálù. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a dárúkọ Ataa Oko ará La, ìlú Ga mìíràn ní etíkun kan náà, pẹ̀lú, ẹni tí àwọn olùwádìí kan sọ pé ó ti ń ṣe irú rẹ̀ ṣáájú.

Igi arère, tí wọ́n ń pè ní wawa ní Ghana, ni wọ́n ń lò, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Bí ó bá jẹ́ Mercedes-Benz, tí wọ́n máa ń ṣe fún ọlọ́rọ̀ tàbí ọlọ́kọ̀, wọn á gbẹ́ táyà, iná àti ìràwọ̀ imú rẹ̀, wọn á kùn ún ní ọ̀dà, wọn á fi aṣọ tẹ́ inú rẹ̀, òkè ọkọ̀ náà ni yóò sì máa ṣí bí ìdérí. Ìlú Ọ̀wọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá náà ní ère ìsìnkú tirẹ̀, ìyẹn àkó, ère tí a wọ̀ láṣọ ní àwòrán olóògbé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tàbí ohun iyì olóògbé ni àwọn Ga ń gbẹ́ ní tiwọn. Àwọn ìjọ Kristẹni kan kò gba irú pósí bẹ́ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àfi èyí tó ní ìrísí Bíbélì.

Láti ìgbà tí Centre Pompidou ní Paris ti pàtẹ iṣẹ́ Kane Kwei ní 1989 ni àwọn ilé ọnà òkè òkun ti túbọ̀ ń ra pósí wọ̀nyí. Èyí tí wọ́n gbẹ́ fún òkú ní tòótọ́ kì í dé ibẹ̀ rárá, nítorí pé ọjọ́ ìsìnkú nìkan ni aráyé ń rí i, kí ó tó wọ ilẹ̀ pẹ̀lú olówó rẹ̀.