Ta Ló Kọ́kọ́ Dé? Omi, Ìwé Àṣẹ àti Ọ̀rọ̀ Onílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Wyoming

Ní ìparí oṣù Keje, nígbà tí yìnyín orí òkè bá ti yọ́ tán, tí odò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan lè wa ọkọ̀ dé etí kòtò omi àgbẹ̀ kan, kó yí irin títí ilẹ̀kùn omi náà yóò fi kanlẹ̀, kó sì fi àgádágodo tì í. Àgbẹ̀ tó ni kòtò náà kò ní bá a jà. Koríko alfalfa tó fẹ́ gé fún màlúù rẹ̀ jẹ nígbà ọ̀gìnnìtìn kò tíì ga tó orúnkún, oòrùn sì ti ń jó o. Ní oko kejì, omi ń ṣàn. Aládùúgbò rẹ̀ wọ bàtà rọ́bà gígùn, ó gbé ṣọ́bìrì kọ́ èjìká, ó na tàpólì dábùú kòtò tirẹ̀ títí omi fi kún bò ó létí, tó sì ń tàn ká inú pápá. Bí ìwé àṣẹ ti aládùúgbò yìí bá sọ 1906, tí ti ẹni àkọ́kọ́ sì sọ 1921, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

A mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé odò ní í pọn omi tó tòrò. Ohun tí òfin Wyoming fi kún un ni pé ẹni yẹn lè pọn ìpín tirẹ̀ tán pátá kí ẹni tó tẹ̀ lé e tó ki igbá bọ̀ ọ́. Elwood Mead, ẹnjiníà tó dé ibẹ̀ ní 1888, ló la ọ̀nà rẹ̀. Nínú òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n kọ ní 1889, wọ́n sọ pé ti ìjọba ni gbogbo omi odò. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò gba ìwé, ìwé náà yóò sì ní ọjọ́. Fún 70 éékà, omi tó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fúnni ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá pa á tì fún ọdún márùn-ún láìlò ó, ẹ̀tọ́ náà lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwòrán tí ayé ní nípa Wyoming ni ti darandaran kan ṣoṣo lórí ẹṣin, tí kò gbára lé ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó 253,000 kìlómítà níbùú lóròó, àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020 kò sì ju 576,851 lọ, nítorí náà ó rọrùn láti gba àwòrán yẹn gbọ́. Èmi kò gbà á. Ìjọba àpapọ̀ ló ṣì ni nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ náà títí di òní. Ọkọ̀ ojú irin Union Pacific, tó dá Cheyenne sílẹ̀ ní 1867, orí ilẹ̀ tí ìjọba ta á lọ́rẹ ló gbà kọjá. Èrò tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn níhìn-ín ni pé ní Wyoming, ìwé ìjọba ló ń sọni di àkọ́dé, àwọn tí ìwé náà kò sì kà sí, bó ti wù kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀ tó, àlejò ni wọ́n. Orúkọ ìpínlẹ̀ náà gan-an, àlejò ni: láti inú èdè àwọn Lenape ìlà oòrùn ni, láti àfonífojì kan ní Pennsylvania. Kò sí ẹ̀yà kan lórí ilẹ̀ yẹn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ wo àwọn ará Ṣáínà tó ń wa èédú ní Rock Springs. Wọ́n ti lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ nígbà tí àwọn awakùsà aláwọ̀ funfun dìde sí wọn ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1885, tí wọ́n pa 28 nínú wọn, tí wọ́n sì dáná sun ilé wọn. A kò rí ẹnìkan dá lẹ́bi. Àwọn olówó màlúù ní tiwọn kò ní ìwé kankan lórí pápá tí wọ́n ń da màlúù sí, ilẹ̀ ìjọba ni; ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ló kọ́kọ́ débẹ̀. Nígbà tí àwọn tálákà tó ní ìwé ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn olówó náà háyà oníbọn láti Texas. Ní oṣù Kẹrin 1892 wọ́n pa Nate Champion, darandaran kan tí kì í ṣe olówó, ní agbègbè Johnson. Àwọn sójà ìjọba ló yọ wọ́n kúrò lọ́wọ́ àwọn ará ìlú tó ká wọn mọ́, ìjìyà kò sì tẹ̀ lé e. Ẹnìkan lè fi èyí ta kò mí, pé ìwé kò gba àwọn tálákà yẹn là. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé nìkan kò tó. Ó tún ku ẹni tí ìjọba yóò rán sójà lọ gbà sílẹ̀.

Wyoming fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní àkọ́kọ́. Ní 1869 ló fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, kí ìpínlẹ̀ tàbí agbègbè mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀ láìyọ ẹ̀tọ́ kankan kúrò nínú rẹ̀. Louisa Swain dìbò ní Laramie ní oṣù Kẹsàn-án 1870. Wọ́n ní korobá tó fẹ́ fi ra ìwúkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nellie Tayloe Ross di gómìnà ní 1925, obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nǹkan iyì ni, n kò ní bù ú kù. Àmọ́ ọdún kan péré ṣáájú Ross, ní 1924, ni òfin Amẹ́ríkà tó ka gbogbo àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sí ọmọ orílẹ̀-èdè.

Níbi tí ọ̀rọ̀ àkọ́dé ti wá di ẹjọ́ gidi ni Wind River. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 1868, Washakie, olórí àwọn Shoshone Ìlà Oòrùn, fọwọ́ sí àdéhùn ní Fort Bridger, èyí tó ya ilẹ̀ Wind River sọ́tọ̀ fún wọn. Ọjọ́ 25 oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Agbègbè Wyoming sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé àwọn Shoshone fi ju Wyoming lọ. Ní 1878 ìjọba kó àwọn Arapaho Àríwá, ọ̀tá wọn àtijọ́, wá bá wọn gbé, kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ní 1938 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé owó gbà-máà-bínú tọ́ sí àwọn Shoshone lórí rẹ̀. Ẹ̀yà méjèèjì ló jọ ni ilẹ̀ náà títí di òní. Láàárín èyí, wọ́n ti ṣí apá àríwá rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun; ìlú Riverton bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1906, lórí omi tí wọ́n fà láti inú odò Wind.

Ní 1977 ìjọba Wyoming gbé gbogbo ẹni tó ń lo omi odò Big Horn àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀, odò Wind pẹ̀lú, lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣáájú ẹni. Àdéhùn 1868 kò mẹ́nu kan omi rárá. Ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn Shoshone di àgbẹ̀, kò sì sí bí àgbẹ̀ ṣe lè ṣe é lórí ilẹ̀ gbígbẹ yẹn láìsí omi. Ìdí nìyí tí ilé ẹjọ́ Wyoming fi sọ ní 1988 pé omi wọn wà nínú àdéhùn náà, pẹ̀lú ọjọ́ 1868. Ìpín wọn tó nǹkan bí 500,000 ìwọ̀n lọ́dún, tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ omi tó lè bo éékà kan ní jíjìn ẹsẹ̀ bàtà kan. Ní 1989, àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, ìdájọ́ náà sì dúró bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀yà méjèèjì sọ pé àwọn fẹ́ kí díẹ̀ nínú omi náà máa ṣàn lọ nínú odò, nítorí ẹja. Ìjọba Wyoming kọ̀ fún wọn. Ní 1992, ẹnu àwọn adájọ́ Wyoming kò kò, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú wọn sọ pé omi oko ni omi yẹn, pé wọn kò lè yí i padà bí kò bá tẹ̀ lé òfin ìpínlẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń sọ, èyí tí wọ́n ṣe ní 1986, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ni omi tí a fi sílẹ̀ nínú odò fún ẹja àyàfi ìjọba Wyoming fúnra rẹ̀. Àwọn ọdẹ tí wọ́n fi àdéhùn sọ di àgbẹ̀ ní 1868, àgbẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa jẹ́ lọ.

Ọdún 2014 ni ẹjọ́ náà tó parí, lẹ́yìn ọdún 37. Nínú ìwé ẹnjiníà ìpínlẹ̀, ọjọ́ àwọn Shoshone ló wà lókè pátápátá. Bí ọ̀dá bá mú ní oṣù Kẹjọ, àpáta máa ń yọrí nínú odò Wind nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ya omi lọ sí oko Riverton.